Ẹ fẹ́ fi ìyá tó ń ṣarán sílé ìtọ́jú àgbà l'Ábújá? Ohun tó yẹ kí ẹ wò nìyí

Ìyá ẹni ọdún 78 ṣí ilẹ̀kùn láago mẹ́ta òru, ó ní òun ń lọ ọjà Ọ̀fà. Lugbe, l'Ábújá, sì ni ilé wà. Ọmọ tó jí bá a gbọ́dọ̀ ti jáde nílé láago mẹ́fà kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìyàwó ẹ̀ náà ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ ń lọ sílé-ìwé. Bí ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú àgbà ṣe ń wọlé tọ ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé Ábújá nìyẹn, wọn kì í sì í sọ ọ́ síta, torí àwọn ẹbí tó wà nílé á ní wọ́n fẹ́ lọ gbé ìyá wọn jù nù.

Ìtìjú yẹn ló ń ṣàkóbá. Ẹni tójú ń tì kì í wo nǹkan tán. Ilé àkọ́kọ́ tí táìsì ẹ̀ bá ń dán, tí ọ̀gá ibẹ̀ sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ni wọ́n ń sanwó sí. Bẹ́ẹ̀ táìsì kò ní yí ìyá padà lórí bẹ́ẹ̀dì láago méjì òru. Ohun tí ẹ ń wá lọ sínú ilé náà ni ẹni tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní wákàtí tí ẹ̀yin kò sí níbẹ̀, àti ohun tí onítọ̀hún mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí là ń pè ní dementia gan-an?

Bí a ṣe ń pe oríṣiríṣi nǹkan ní ibà, bẹ́ẹ̀ ni dementia ṣe jẹ́ orúkọ kan fún oríṣiríṣi àìsàn tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ìrántí, ìrònú àti ọ̀rọ̀ sísọ yóò fi dàrú débi pé onítọ̀hún kò lè dá ṣe nǹkan mọ́. Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Òmíràn ń wá láti ara stroke, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ mọ́. Àwa ń pè é ní arán: "bàbá ti ń ṣarán". Ọ̀rọ̀ náà kò burú, àmọ́ ó máa ń jẹ́ ká rò pé ọjọ́ orí lásán ni. Àgbà ẹni 90 ọdún wà tí orí ẹ̀ pé pérépéré. Ìyá tó sì ń rìn lóru, tó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, ọpọlọ ẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Kì í ṣe àjẹ́.

Àwọn mìíràn ní àìsàn òyìnbó ni. Láti ọdún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbà Ìdíkàn n'Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà, bíi 13 tàbí 14 ni àìsàn yìí ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan n'Ìbàdàn, bíi 32 ní Indianapolis. Tiwa kéré sí tiwọn, àmọ́ Ìdíkàn náà kò bọ́ nínú ẹ̀.

Kí ẹ tó wá ilé kankan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ì báà jẹ́ ní National Hospital tàbí ọsibítù yunifásítì tó wà ní Gwagwalada. Ìdí ni pé àwọn nǹkan kan wà tó jọ dementia tó sì ṣeé wò: àkóràn inú ìtọ̀, ibà, ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ agbárí lẹ́yìn ìṣubú, fítámì B12 tó lọ sílẹ̀, ìbànújẹ́ ọkàn, àní oògùn bíi Piriton tí wọ́n ń lò fún ara yíyún. Ìyàtọ̀ tó rọrùn jù láti fi mọ̀ ọ́n ni àkókò. Dementia ń yọ́ wọlé fún oṣù, fún ọdún. Ẹni tó mọ orúkọ ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ lọ́jọ́rú, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ṣé ilé kan náà ni gbogbo wọn?

Rárá o. Ọ̀kan ń jẹ́ home care: olùtọ́jú ni wọ́n ń rán wá sílé yín. Òmíràn ń gba àgbà sílé pé kí wọ́n máa gbé ọ̀dọ̀ wọn. Èyí tó bá pe ara ẹ̀ ní nursing home gbọ́dọ̀ ní nọ́ọ̀sì gidi tọ̀sán-tòru, torí pé egbò wíwẹ̀, abẹ́rẹ́ ínsúlínì àti rọ́bà ìtọ̀ kọjá iṣẹ́ olùtọ́jú lásán. Rehabilitation centre tún yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó ń mu oògùn olóró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà fún, òfin ibẹ̀ sì le. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, Kàdúná, tó ń pe ara ẹ̀ ní ibi ìtúnwàṣe. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọdé ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so àwọn kan lẹ́sẹ̀. Ìwà ẹni tó ń ṣarán kì í ṣe ìwà burúkú tó nílò ìbáwí. Bí ọ̀gá ilé kan bá ń sọ̀rọ̀ "ìbáwí" fún yín, ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ lọ gbé nǹkan nínú mọ́tò, kí ẹ máa lọ.

Nípa ìwé: ìwé CAC tí wọ́n fi kọ́ ògiri ń sọ pé ilé-iṣẹ́ náà wà ni. Irú ìwé kan náà ni ẹni tó ń ta síméǹtì ń gbà. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni wá wo balùwẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá ń ṣe ìtọ́jú ọsibítù níbẹ̀, ẹ bèèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìlera aládàáni ti FCT, kí ẹ sì ka ọdún tó wà lára ẹ̀. Ẹ bèèrè láìsẹ́ńsì nọ́ọ̀sì wọn láti ọ̀dọ̀ Nursing and Midwifery Council. Ó ní ọjọ́ tó ń parí. Ẹni tí wọ́n ń pè ní auxiliary nurse kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ó lè ní ọwọ́ tútù, ó lè mọ iṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó máa dá pinnu oògùn. Òfin ọdún 2017 ló dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ fún ọ̀ràn àwọn àgbà. Ábújá níbí ni wọ́n wà, ẹ lè bi wọ́n léèrè nípa ilé tí ẹ ń wò.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ lọ wò ó?

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré tán. Ti àkọ́kọ́, ẹ pè wọ́n ṣáájú. Ilé á mọ́, gbogbo èèyàn á wọ yunifọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gba káàdì.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ṣe pàtàkì. Ẹ yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, láàrin aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ara ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣarán kì í balẹ̀ mọ́: wọ́n á máa rìn síwá sẹ́yìn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ sílé. Ìgbà yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń fi iṣẹ́ lé ti òru lọ́wọ́, tí ọwọ́ kò tó. Ẹ fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyá kan á ní, "Ọkọ mi ti ń ti oko bọ̀, mo fẹ́ lọ dáná." Olùtọ́jú tí kò mọṣẹ́ á dá a lóhùn pé, "Mama, ọkọ yín ti kú tipẹ́!" Ìyá náà yóò gbọ́ ikú ọkọ ẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò bú sẹ́kún. Lọ́la, ní aago kan náà, yóò tún gbọ́ ọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á ní, "Ẹ̀fọ́ lẹ fẹ́ sè ni àbí ilá? Ẹ wá ká jọ wo kíṣìnì." Wọ́n á rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á padà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ á ti tán lẹ́nu ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ irú ìdáhùn kejì yìí lẹ́ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́ kan, ilé yẹn tó ẹ padà lọ.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ yan ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ọlidé. Ábújá máa ń ṣófo nígbà Kérésìmesì àti Iléyá, kálukú á ti gba ìlú ẹ̀ lọ. Ta ló ṣẹ́kù pẹ̀lú àwọn àgbà? Bí ọdún kò bá tíì sún mọ́, ẹ bèèrè ìwé tí wọ́n fi pín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì tó kọjá.

Bí wọ́n bá dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà torí pé wọ́n ń wẹ èèyàn lọ́wọ́, ẹ má bínú. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé tó bá ní "aago mẹ́wàá sí méjì nìkan" lójoojúmọ́ ní ohun tó ń bò.

Ọwọ́ mélòó ló wà nílẹ̀?

Ẹ má bèèrè pé, "Òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní?" Wọ́n á ní 20, mẹ́gáàdì, dẹ́rẹ́bà àti alásè á wà nínú ẹ̀. Ẹ bèèrè báyìí: "Lálẹ́ àná, ta ló wà lójúfò, àgbà mélòó ló sì ń tọ́jú?" Kí ẹ wá ní kí wọ́n fi ìwé ìpín iṣẹ́ hàn yín. Tiwa ni pé lọ́sàn-án, bí ẹnì kan bá ń tọ́jú ju márùn-ún lọ nínú àwọn tó ń ṣarán, nǹkan á máa já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lóru, ẹnì kan ṣoṣo kò tó, bó ti wù kí àgbà tó wà níbẹ̀ kéré mọ, torí pé èèyàn méjì ló ń gbé ẹni tó ṣubú dìde láìṣe é léṣe. Bí ọ̀kan bá ṣubú ní balùwẹ̀, tí olùtọ́jú kan ṣoṣo wà pẹ̀lú ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ta ló ń wo àwọn yòókù?

Bí ọ̀gá bá ti kúrò níwájú yín, ẹ na ìka sí àgbà kan, kí ẹ bi olùtọ́jú pé, "Kí ni bàbá yìí fẹ́ràn?" Ẹni tó mọ̀ ọ́n á sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ pé télọ̀ ni bàbá, kì í fẹ́ omi tútù, ẹ má gba fìlà lórí ẹ̀. Bí ó bá kàn ní "Baba is fine", ó ti dáhùn. Ẹ bi í pẹ̀lú bí ó ti pẹ́ tó níbẹ̀, àti bóyá owó oṣù ń bọ́ sákòókò. Ìbéèrè náà le díẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí owó oṣù bá ti ń pẹ́, òṣìṣẹ́ kì í dúró, ẹni tó ń ṣarán á sì máa rí ojú tuntun lóṣooṣù, ojú tuntun tó fẹ́ bọ́ ọ láṣọ.

Èdè wo ni wọ́n á fi bá a sọ̀rọ̀?

Ibi tí àwọn ẹbí kì í bèèrè nípa ẹ̀ nìyí, ibẹ̀ ni ìyà sì pọ̀ sí. Ní ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣarán, ohun tí wọ́n kọ́ gbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ lọ. Ìyá tó ti gbé Kánò àti Kàdúná fún 40 ọdún, tó ń ná ọjà pẹ̀lú Hausa bí ọmọ onílẹ̀, lè jí lọ́jọ́ kan kó jẹ́ Yorùbá nìkan ló kù, kó tiẹ̀ jẹ́ Ìgbómìnà tó fi dàgbà. L'Ábújá, olùtọ́jú lè jẹ́ Tiv, Idoma, Igala tàbí Gbagyi. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ọwọ́ rere kò lédè. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì òru.

Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ. Ìyá ní, "Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí." Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó dìde. Wọ́n ní, "Mama, sit down." Ó tún dìde, wọ́n fà á lọ́wọ́ jókòó. Ó gbá ọwọ́ olùtọ́jú dànù, ìtọ̀ sì bọ́. Nínú ìwé àárọ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ìyá ń jà lóru. Lẹ́yìn irú àkọsílẹ̀ mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á ní kí wọ́n fún un ní oògùn tí ara ẹ̀ á fi rọ̀. Ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ti di ẹni tí wọ́n ń fún ní oògùn wèrè.

Nítorí náà, ẹ ní kó kéré jù, kí ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá wà nínú iṣẹ́ ọ̀sán àti ti òru, kí ẹ sì rí orúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíi 15 sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: omi, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí, ebi ń pa mí, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mí, ooru ń mú mí, mo fẹ́ dìde. Ẹ fi ohùn yín ka gbogbo ẹ̀ sórí WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn, torí ìwé lásán kò ní fi ohùn ọ̀rọ̀ han ẹni tí kò gbọ́ èdè.

Ẹ sọ orúkọ tó ń jẹ́ fún wọn pẹ̀lú. Ìyá tí gbogbo àdúgbò ti ń pè ní Alhaja tàbí Ìyá Kúnlé fún 50 ọdún lè má dáhùn bí ọmọ ogún ọdún bá ń pè é ní orúkọ inú ìwé. Àwo oúnjẹ tí wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ka iwájú ẹ̀ lè mú kó kọ̀ ọ́; wọ́n á sọ pé kò fẹ́ jẹun. Bí ó bá ní oríkì, ẹ kọ́ wọn. "Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ wẹ̀" máa ń gbé ìyá dìde níbi tí ẹni méjì ti fà á tì. Kí ẹ sì bèèrè tààrà: ta ló ń wẹ̀ wọ́n? Ọkùnrin kò gbọdọ̀ máa wẹ ìyá yín láìjẹ́ pé ẹ ti gbà á.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹun, tí wọ́n ń mumi?

Ẹ jókòó wo oúnjẹ ọ̀sán kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tí kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa lè lo ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí àwo kan. Bí irú wọn bá jẹ́ mẹ́jọ, tí olùtọ́jú jẹ́ méjì, wákàtí méjì nìyẹn. Bí gbogbo àwo bá ti ṣófo láàrin ogún ìṣẹ́jú, yálà wọ́n ń kán wọn lójú jẹun ni, tàbí oúnjẹ náà ti padà sí kíṣìnì.

Kí onítọ̀hún jókòó gbọọrọ, kí ẹ̀yìn ẹ̀ nà, kó sì wà lórí ìjókòó fún bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ. Omi lásán máa ń gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ju ògì tó ki lọ. Ẹni tó bá ń kọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá mumi, tàbí tí ohùn ẹ̀ ń dà bí ẹni pé omi wà lọ́fun ẹ̀, dókítà ló yẹ kó rí i. Òtútù àyà tó ń tibẹ̀ wá wà lára ohun tó ń pa àwọn tí àìsàn yìí ti jìnnà lára wọn. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n gbé orí àgbà sẹ́yìn, tí wọ́n ń rọ ọ́ bí ìyá àtijọ́ ṣe ń rọ ọmọ lágbo, ẹ má wo ìyókù ilé náà mọ́.

Ti omi: bíi lítà kan àtààbọ̀ lójúmọ́, ìyẹn pure water oní-50cl mẹ́ta, àfi tí dókítà bá ní kó dín in kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Ẹni tó ń ṣarán kì í rántí bèèrè, ooru Ábújá nínú oṣù Kẹta àti Kẹrin kì í sì í ṣeré. Ẹ wò ó bóyá ife wà nítòsí ọwọ́ ẹ̀, kí ẹ wo inú ife náà bóyá omi wà níbẹ̀. Nǹkan kékeré mìíràn: iyán funfun nínú àwo funfun lè má hàn sí ojú wọn rárá. Ẹ gbé e sínú àwo aláwọ̀ pupa kí ẹ wò ó bóyá kò ní jẹ ẹ́.

Kí ni ara wọn ń sọ?

Ẹni tí kò lè yí ara ẹ̀ padà, ó yẹ kí wọ́n máa yí i ní bíi wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é, egbò á dá sí i lára: ìdí, ìgbáròkó, gìgísẹ̀. Àwọn ìwé òyìnbó á ní kí ẹ wá ibi tó pọ́n. Lára dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn. Ibi tó dúdú ju àyíká ẹ̀ lọ, tó gbóná, tàbí tó le lọ́wọ́ ni kí ẹ máa fọwọ́ wá. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé, "Ta ló ní egbò níbí lónìí, ṣé ilé ló ti gbé e wá ni?" Ilé tó ní egbò kan tó sì lè ṣàlàyé ẹ̀ sàn ju ilé tó ní "kò sí rí" lọ.

Òórùn náà ń sọ̀rọ̀. Òórùn ìtọ̀ nínú yàrá kan láàárọ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹnì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀. Òórùn ìtọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ti wọ inú fóòmù. Òórùn Izal tó gba gbogbo ilé kan náà ni, aṣọ ló wọ̀ lé e.

Oògùn oorun àti okùn ńkọ́?

Bí ẹ bá wọlé láago 11 àárọ̀, tí gbogbo àgbà ń sùn lórí àga, tí ẹnu wọn là, ẹ bèèrè oògùn tí wọ́n ń lò. Haloperidol, Largactil, diazepam: wọ́n wọ́pọ̀, wọn kò wọ́n, wọ́n sì ń mú kí ilé dákẹ́. Láti 2008 ni àjọ oògùn Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé oògùn wèrè bíi haloperidol àti Largactil ń mú kí ikú tètè pa àgbà tó ní dementia. Oríṣi dementia kan tí wọ́n ń pè ní Lewy body wà tí haloperidol lè ṣe é léṣe gan-an. Ìgbà mìíràn wà tí dókítà á fún un ní díẹ̀, fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ó ń ṣe ara ẹ̀ léṣe. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n lórí ẹ̀: dókítà wo ló kọ ọ́, kí ló kọ ọ́ fún, ọjọ́ wo ni yóò tún un yẹ̀ wò? Bí wọn kò bá lè dáhùn ẹ̀kẹta, oògùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé ni, kì í ṣe oògùn ìyá.

Ẹ wo ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ wọn bóyá àmì okùn wà. Wọ́n lè má lo okùn. Ìborùn tí wọ́n fi so ìyá mọ́ àga "kó má baà ṣubú" okùn ni. Tábìlì tí wọ́n tì mọ́ ọn láyà tí kò lè tì kúrò, okùn ni. Ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ á jà láti tú ara ẹ̀, ìṣubú ẹ̀ á sì burú ju ti ẹni tó ń rìn lọ.

Ìwé oògùn gbọ́dọ̀ ní orúkọ oògùn, ìwọ̀n ẹ̀, aago, àti ìbuwọ́lù ẹni tó fún un. Ẹ ṣí ìwé náà láago mẹ́rin ọ̀sán. Bí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú fún oògùn alẹ́, ẹ ti mọ irú ilé tó jẹ́. Lẹ́yìn tí ìyá bá ti wà níbẹ̀, ìṣirò tó rọrùn wà: bí ẹ bá gbé 30 hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù, ọ̀kan lójúmọ́, 20 ló yẹ kó kù lẹ́yìn ti ọjọ́ kẹwàá. Bí ó bá ku 24, ó pàdánù mẹ́rin. Bí ó bá ku 16, bóyá wọ́n ń fún un jù, tàbí wọ́n ń fún ẹlòmíràn.

Ilé fúnra ẹ̀

Kò pẹ́. Irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nsẹ̀, ilẹ̀ tí kì í yọ̀ bó bá tutù, iná kékeré tó ń tàn mọ́jú láti bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀, kódà bí iná bá lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé, èéfín ẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun. Fèrèsé onírin wà níbi gbogbo l'Ábújá; ta ló ní kọ́kọ́rọ́ lóru bí iná bá ṣẹ́? Kànga àti ihò ṣalángá gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó wúwo. Géètì á wà ní títì, àmọ́ kí àyè wà nínú ọgbà tí èèyàn lè máa rìn yí ká, torí ẹni tó bá fẹ́ rìn á rìn. Ẹ so nọ́ńbà fóònù yín mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹ̀gbà.

Kí ni owó náà gbé, kí ni kò gbé?

Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Pampers àgbà ló ń já èèyàn kulẹ̀ jù. Mẹ́rin lójúmọ́ jẹ́ 120 lóṣù. Bí páálí bá gbé mẹ́wàá, páálí 12 nìyẹn, ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà Wuse lónìí ṣe ìsodipúpọ̀. Lẹ́yìn náà: oògùn, dísẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò. Káàdì NHIA, ìyẹn ìṣedúró ìlera ìjọba, wà fún ọsibítù, ẹ má gbára lé e fún owó ilé gbígbé. Ẹ bèèrè ọsibítù tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ lóru, ta ló ń san owó ìdúró níbẹ̀ kí ẹ tó dé, àti iye tí wọ́n ń dá padà bí onítọ̀hún bá kúrò tàbí tó bá kú láàrin oṣù. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ sanwó sí; ti ọ̀gá fúnra ẹ̀ kọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ìdàrúdàpọ̀ ẹ̀ á pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ògiri, òórùn àti ojú tuntun. Àwọn ilé kan á ní kí ẹ má wá fún oṣù kan kí ara ẹ̀ lè mọlé. Ẹ kọ̀. Ẹ gbé ìbora ẹ̀, rédíò ẹ̀ àti fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀ lọ, kí ẹ sì kọ ojú ìwé kan nípa ẹ̀: ibi tí wọ́n bí i, iṣẹ́ tó ṣe, àwọn ọmọ ẹ̀ tó wà láyé àti èyí tó ti kú, orin tó fẹ́ràn, ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Kí àwọn ọmọ pín ìbẹ̀wò láàrin ara wọn, kí ó má jẹ́ ọjọ́ kan náà, kí ó má jẹ́ aago kan náà. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ wo èékánná ẹ̀, inú ẹnu ẹ̀, gìgísẹ̀ ẹ̀. Kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lójú ara yín lọ́jọ́ tí ẹ gbé e débẹ̀, kí ẹ kọ kílò náà sínú fóònù pẹ̀lú déètì. Ẹni tó wọn 60 kílò lọ́jọ́ náà, tó wọn 57 lẹ́yìn oṣù kan, ẹ má gba "ọjọ́ orí ni" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ bèèrè ìwé oúnjẹ ẹ̀, kí ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà.